Wọ́n Mọ Odi sí Etí Òkun Ilé Bàbá Ìyá Mi

Bí oṣù tí ooru máa ń mú jù bá ti wọlé, kí òjò àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn oníbàárà mi ní Ọjà Balógun a máa bi mí léèrè ibi tí mo fẹ́ sá lọ. Bàtà ni mò ń tà. Àwọn tó rí já jẹ nínú wọn a wá ra sálúbàtà tí wọ́n máa wọ̀ lọ sí ìlú òyìnbó. Wọ́n á jókòó síwájú fáànù mi, wọ́n á máa fi etí gèlè nu òógùn, wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ooru Èkó sè yín jinná o." Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. N kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Àwa náà ní ibi tí à ń sá lọ. Wọ́n ti gbà á mọ́ wa lọ́wọ́, ẹni tó sì gbà á kì í ṣe àlejò.

Abúlé tí wọ́n ti bí ìyá mi ni. Ó wà lódìkejì ọ̀sà, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti dá ọ̀sà àti òkun lágbede méjì. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń kó wa lọ síbẹ̀ nígbà ooru. Bí a bá ti kírun àárọ̀ tán lọ́jọ́ Sátidé, a ó fẹsẹ̀ rìn láti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí Marina. Òun á ru oúnjẹ, àwa ọmọ á pín ẹní àti ìkòkò gbé, a ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò lábẹ́ àwọn ilé gíga, tí atẹ́gùn bá kọ́kọ́ fẹ́ lù wá lójú, ìyá mi á tú gèlè rẹ̀, á mí kanlẹ̀. "Háà. Ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi." Ohun tó máa ń sọ nìyẹn, bí ẹni pé ó ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà tí a ti lọ gbẹ̀yìn.

Bàbá rẹ̀, apẹja, ló gbin àgbọn tó wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀. Iyanrìn á gbóná débi pé a ó máa fi ìka ẹsẹ̀ sáré, ṣùgbọ́n bí a bá ti dé abẹ́ àgbọn, ó parí. Oòrùn ò lè wọbẹ̀. Ìyá àgbà á se ìrẹsì pẹ̀lú omi àgbọn, a ó jẹ, a ó wẹ̀ nínú omi òkun, a ó sùn bí òkú títí ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí àwọn òbí ìyá mi kú, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n sin wọ́n sí, nítòsí kànga. Ilé wó nígbà tó yá. Igi ò wó. Mo ti gbé àwọn ọmọ tèmi náà lọ síbẹ̀. Kò sí géètì, kò sí ẹni tó ń bi wá pé ta ni wá.

Ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó pàápàá kì í ṣe ilé ooru tẹ́lẹ̀. Ilé àtijọ́ ni. Ògiri rẹ̀ nípọn, àjà rẹ̀ ga, fèrèsé onígi rẹ̀ kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń wá. Àwọn tó kọ́ ọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àfìgbà tí wọ́n ta agboolé tó wà lẹ́yìnkùlé wa fún oníṣòwò kan. Ó wó o palẹ̀, ó kọ́ pláásà alájà púpọ̀ síbẹ̀, ògiri rẹ̀ sì sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè na ọwọ́ láti ojú fèrèsé kí n fi kàn án. Ó wá to jẹnẹrétọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀bù sí abẹ́ fèrèsé yàrá ìyá mi. A lọ bá a, a bẹ̀ ẹ́. Ó ní ká máa ti fèrèsé. Ẹ gbọ́ o. Ìyá mi tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, nínú ooru Èkó, kó máa ti fèrèsé.

Láti ìgbà náà ni atẹ́gùn ti gbàgbé ilé wa. Ẹ̀gbẹ̀sì sú bo ìyá mi lọ́rùn àti lẹ́yìn, kò lè sùn mọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Mo ra fáànù, iná ò sí tí yóò gbé e. Mo ń rẹ aṣọ sínú omi, mo ń fi bò ó, aṣọ á gbẹ kí n tó yí ẹ̀yìn padà. Nọ́ọ̀sì tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sọ fún mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibi tútù gbé màmá lọ, oògùn nìkan ò lè ṣe é." Ìyá mi gbọ́ ọ láti orí ẹní. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ẹ gbé mi lọ sílé bàbá mi."

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí a ti lọ síbẹ̀ gbẹ̀yìn, nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa lọ́jọ́ náà, mo dì í lápá mú títí dé Marina. Ọlọ́kọ̀ tó gbé wa, bàbá kan tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ní, "Alhája! Ẹ mà pẹ́ lóde o." Ó wá ní, "Ibẹ̀ yẹn ti yàtọ̀ o." Ìyá mi ní kí ni kò yàtọ̀ nílé ayé. Ó tú gèlè rẹ̀, ó kọjú sí atẹ́gùn, ojú rẹ̀ sì tutù gan-an. Inú mi dùn.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, odi ni a rí. Odi funfun, gíga, tó bẹ̀rẹ̀ láti etí ọ̀sà, tó sì gba ilẹ̀ náà kọjá títí dé inú òkun. Bẹ́ẹ̀ ni, inú òkun. Wọ́n ri òpó mọ́ inú omi kí ẹnikẹ́ni má baà gba etí omi wọlé. Géètì wà láàárín, ọkùnrin aláṣọ dúdú kan sì jókòó síbẹ̀. Orin ń dún nínú lọ́hùn-ún. Mo rí orí igi àgbọn díẹ̀ lókè odi, díẹ̀ nínú èyí tó pọ̀ bí irun orí.

Ọkùnrin náà dìde. "Ẹ kú ọ̀sán, mà. Ṣé ẹ ti sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀?"

Ìyá mi ní, "Kí n sọ fún ta ni?"

"Ọ́fíìsì, mà. Ibi ìgbafẹ́ àdáni ni ibí."

"Ìwọ ta ni?"

"Síkiọ́ríìtì ni mí, mà."

"Ó dáa. Èmi ọmọ onílé ni mí. Ṣílẹ̀kùn, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Kò ṣí i. Kò rí wa fín, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó kàn ń wo ilẹ̀. Ó wọlé lọ pe ọmọbìnrin kan tó jẹ́ mánéjà, ọmọ tí kò tíì tó àbíkẹ́yìn mi, awò dúdú lójú rẹ̀. Òun náà kúnlẹ̀ díẹ̀ fún ìyá mi, ó ní kí a má bínú, àwọn tó ti gba ààyè sílẹ̀ nìkan ló lè wọlé.

Ìyá mi ní, "Bàbá mi wà nínú ibẹ̀ yẹn."

Ọmọbìnrin náà yọ fóònù jáde. "Kí lorúkọ wọn, mà? Yàrá wo ni wọ́n wà?"

"Abẹ́ ilẹ̀ ni ó wà," ni ìyá mi wí.

Ọmọbìnrin náà fi fóònù rẹ̀ pamọ́. Ó ní òun máa sọ fún ọ̀gá òun. Ó wọlé, wọ́n sì ti géètì pa lójú wa. Mo gbá géètì náà. Mo gbá a títí ọwọ́ mi fi wú. Kò sẹ́ni tó dáhùn, wọ́n kàn mú kí orin túbọ̀ lọ sókè ni.

Obìnrin kan tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi ló wá fún ìyá mi ní àpótí jókòó. Ọmọ abúlé náà ni, ó mọ̀ wá. Ó ní, "Ìyá, ṣé wọn ò sọ fún yín ni? Ọmọ àbúrò yín ló mú wọn wá wọn ilẹ̀. A rò pé ẹ gbọ́ sí i."

Mo ní láti sọ ẹni tí ó ń sọ nípa rẹ̀. Àbúrò ìyá mi obìnrin ló bí i. Nígbà tí ilé ọkọ le koko mọ́ àbúrò ìyá mi yìí, ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló sá wá tòun tọmọ. Ìyá mi ló pọn ọmọ náà. Ẹní kan náà ni èmi àti òun jọ sùn, abẹ́ fèrèsé kan náà. Bí a bá ń lọ sí abúlé lọ́jọ́ Sátidé, èjìká mi ló máa ń gùn. Nígbà tó dàgbà tó di ọ̀gá, bàbá ìyá mi tí a jọ ń jogún náà ló wá di ọjà rẹ̀.

Ìyá mi jókòó sórí àpótí náà. Ó mu omi tí obìnrin náà bù fún un, ó ní ká máa lọ sílé. Ojú ọ̀sán gangan ni a wọkọ̀ padà, ó sì fi gèlè bojú títí a fi dé Marina. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ọ́fíìsì arákùnrin mi yìí ní agbègbè Onikan. Ésì tó wà nínú ọ́fíìsì náà tutù débi pé akọ̀wé rẹ̀ wọ súwẹ́tà. Súwẹ́tà, ní Èkó, nínú oṣù yẹn! Bí mo ṣe rí i, ọ̀rọ̀ tí mo tò pamọ́ láti ilé tú ká lẹ́nu mi.

Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Àǹtí mi! Ẹ jókòó. Kí ni kí n fún yín? Nǹkan tútù?"

"Mi ò jókòó. Ta ló fún ọ láṣẹ?"

Kò díbọ́n pé òun ò mọ ohun tí mò ń sọ. "Àǹtí, ilẹ̀ tó kàn wà lásán ni. Òkun ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. A pe ìpàdé. Àwọn ọkùnrin ìdílé fọwọ́ sí i."

"Àwọn obìnrin ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ti wà nílé ọkọ, Àǹtí. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí."

Mo wò ó. Mo ní, "Ta ló bí ọ sínú ìdílé yẹn? Ṣé ọkùnrin ni? Ìyá rẹ lo fi di ọmọ onílẹ̀, ìwọ oníranù. Nígbà tí ilé ọkọ lé ìyá rẹ jáde, ẹ̀yìn ta ni wọ́n pọn ọ́ sí?"

Ó ní kí n rọra, àwọn èèyàn ń ṣiṣẹ́. Ìgbà yẹn ni mo wá pariwo dáadáa. Mo pariwo débi pé akọ̀wé rẹ̀ bọ́ sí ìta pẹ̀lú súwẹ́tà rẹ̀. Mo sọ fún un pé kó má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilé wa mọ́ láéláé. Mo sì jáde sínú oòrùn, inú mi ń hó ju ọ̀dà ọ̀nà lọ.

Kò gbọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun, ó dé sílé wa pẹ̀lú agbádá funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ìyá mi, ó ní kó dárí ji òun, ó ní òun ti bá àwọn tó ra ilẹ̀ sọ̀rọ̀, pé kò sí ìgbà tí wọ́n máa dá a dúró mọ́. Ó mú okùn pupa jáde, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ àlejò lọ́wọ́ níbẹ̀. Ti ìyá mi, àti tèmi.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń dúró de èpè. Ìyá mi lẹ́nu. Bó bá bínú sí ọ, wàá mọ̀. Ó gba okùn náà, ó yí i padà lọ́wọ́, ó wò ó.

"Ọjọ́ wo ni mo lè lọ?" ló bi í.

Ilẹ̀ ìbá là, ǹ bá wọ inú rẹ̀. Bí arákùnrin mi ṣe jáde ni mo bẹ̀rẹ̀. "Ìyá, ẹ fẹ́ wọ okùn bí ẹran Iléyá kí ẹ tó wọ ilé bàbá yín? Ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn máa kí yín káàbọ̀ síbi tí wọ́n ti bí yín?"

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò dá a dúró. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ inú ń bí ọ. Èmi, ooru ló ń mú mi. Èwo ló yára pààyàn nínú méjèèjì?"

Mo jáde kúrò nínú yàrá náà. Inú túbọ̀ bí mi nítorí pé òótọ́ ni.

Kò lè dá lọ, nítorí náà mo tẹ̀ lé e. Mo kọ̀ láti so okùn tèmi. Ọkùnrin géètì wò mí lọ́wọ́, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ máa wọlé, mà."

Wọ́n ti gé àgbọn náà, èyí tó kù kò ju èyí tí àlejò máa fi ya fọ́tò. Agboòrùn ńláńlá ni wọ́n rì mọ́ iyanrìn dípò wọn. Àwọn ọ̀dọ́ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì onígi, òtí tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá mi ò wò wọ́n. Kànga ló ń wá. Wọ́n ti dí i, wọ́n gbin òdòdó sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá a mọ̀. Ó dúró níbẹ̀, ó kọjú sí òkun, ó yà sọ́wọ́ òsì, ó rìn díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó dúró. Tábìlì kan wà níbi tó dúró sí. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ ń jẹun lórí rẹ̀.

Ìyá mi kí wọn. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, orí bàbá àti ìyá mi lẹ wà."

Mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà fo dìde bí ẹni tí iná jó, ó ṣí fìlà. Ìyàwó rẹ̀ ń kó abọ́ wọn, ó ń tọrọ àforíjì, àwọn méjèèjì ló sì bá mi gbé tábìlì náà kúrò. Ẹ jẹ́ kí n yìn wọ́n, nítorí àwọn nìkan ló hùwà ọmọlúwàbí lọ́jọ́ náà.

Ìyá mi tẹ́ ẹní rẹ̀, ó jókòó, ó ka Fátíhà. Ohùn rẹ̀ kò jáde púpọ̀ nítorí orin. Lẹ́yìn náà ni ó dùbúlẹ̀. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́, ó gbé etí ìborùn rẹ̀ sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. Kò pẹ́ tó sùn lọ. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ti kọjá tí mi ò tíì rí i kó sùn bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ti ọmọ ọwọ́.

Mánéjà aláwò dúdú yẹn ló wá. Ó rọra sọ̀rọ̀, n ò ní purọ́. Ó ní wọn kì í tẹ́ ẹní síbẹ̀, pé àwọn àlejò kan ti ń ráhùn, pé òun máa fún màmá ní bẹ́ẹ̀dì lápá ẹ̀yìn, nítòsí ilé ìdáná.

Mo dìde. Gbogbo ohun tó ti wà nínú mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ pláásà sẹ́yìn wa, òun ló jáde. Mo sọ fún un, mo sì sọ fún gbogbo àwọn tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, pé orí sàréè ni wọ́n ti ń mutí. Mo sọ ẹni tó gbin igi tí wọ́n gé. Mo sọ pé apẹja tó ń gbé abúlé yìí ò lè fẹsẹ̀ kan omi òkun mọ́, àfi kó gba inú ọ̀sà yí po. Mo ní, "Ẹ lówó, ẹ ní ésì nílé, ẹ ní ésì nínú mọ́tò, ẹ ní ésì lọ́fíìsì. Atẹ́gùn tí Ọlọ́run ń fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà lẹ tún wá mọ odi yí ká!" Àwọn kan gbé fóònù sókè, wọ́n ń ká mi sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n ká a dáadáa.

Ẹnìkan ti pa orin. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo gbọ́ ìyá mi lẹ́yìn mi.

"Ṣé ariwo náà ti tó?" ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n sùn."

Ó yíjú sí òdìkejì. Mánéjà lọ. Kò sẹ́ni tó tún gbé e kúrò níbẹ̀, a sì wà níbẹ̀ títí ìrọ̀lẹ́.

Àwòrán tí wọ́n ká yẹn dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí. Arákùnrin mi pè mí, ó ní mo ti ba òun lórúkọ jẹ́. Mo ní orúkọ wo. Àwọn àgbà ìdílé pe ìpàdé, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n pe obìnrin sí i, nítorí àwa obìnrin ti dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. A jókòó nínú ooru, a sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun wa fi gbẹ. Ohun tí a rí gbà kò pọ̀. Wọ́n ní ohun tí wọ́n ti tà ti lọ, pé kò ṣeé dá padà. Àwọn tó ra ilẹ̀ gbà láti fi ọgbà kékeré yí sàréè ká, kí wọ́n má gbé tábìlì síbẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì ṣí ẹnu ọ̀nà kan sára odi fún àwọn ará abúlé láti máa lọ sí òkun. Àwọn àgbà ní ká dúpẹ́. Mi ò dúpẹ́. Ẹnu ọ̀nà lára odi ò sọ odi di ohun tó tọ́.

Ìyá mi ń lọ. Bí ooru bá ti le, ó lè lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀gbẹ̀sì ọrùn rẹ̀ ti gbẹ, nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀. Èmi ni mo ń mú un lọ, èmi ni mo ń mú un bọ̀, mi ò sì tíì so okùn náà mọ́wọ́ rí. Òun ti di ọ̀rẹ́ gbogbo wọn. Ọkùnrin géètì a máa bá a gbé ẹní, mánéjà a máa fún un ní omi àgbọn, ó sì máa ń ṣàdúrà ọkọ rere fún un. Mo máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá kẹ̀yìn sí wọn.

Ní Iléyá tó kọjá, arákùnrin mi gbé ẹran ránṣẹ́, odindi itan nínú abọ́ ńlá. Mo ní kí ẹni tó gbé e wá gbé e padà tòun tabọ́. Ìyá mi gbọ́ láti inú yàrá.

"Ẹran wo lo dá padà?"

"Ẹran ẹni tó ta bàbá yín, Ìyá."

"Ṣé bàbá mi ló ní kí n má jẹran?" Ó wọ́ ẹsẹ̀ jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo òpópónà títí. Ẹni tó gbé ẹran ti lọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà, èmi náà ò sì bẹ̀ ẹ́.